Àríyànjiyàn Èmi àti Àǹtí Lórí Ibi Àbájáde

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó ní ọ́fíìsì kan náà pẹ̀lú obìnrin kan tí kì í fẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà ní ju ibi àbájáde kan lọ. Àǹtí ni mo ń pè é. Ó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é ní Màmá, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọmọ mẹ́ta péré ni mo bí, o ò sí níbẹ̀. Máa pè mí ní Àǹtí." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè é títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ní Zaria mọ́.

Ará Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni bàbá rẹ̀ ti ta aṣọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Tó bá ń sọ Yorùbá, Hausa máa ń já wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Èmi jẹ́ ọmọ Kogi, Tukur-Tukur ní Zaria náà là ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń gbọ́ Yorùbá jù. Nílé, tí ìyá mi bá fi Yorùbá pe àwọn àbúrò mi, Hausa ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ìdí nìyí tí ara fi tù mí nígbà tí mo dé ọ́fíìsì náà tí mo bá ẹnìkan tí a lè jọ máa po èdè méjèèjì pọ̀ láìtijú.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni, lójú ọ̀nà Shika. Wàrà màlúù ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Láràárọ̀ àwọn obìnrin á ru tiwọn wá, àwọn ọkùnrin á gbé tiwọn sórí ọ̀kadà. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu géètì á yẹ wàrà náà wò, á tẹ ohun tó rí sínú fóònù, ètò tí èmi àti Àǹtí kọ ló sì máa sọ bóyá kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n dá a padà. Ohun márùn-ún ló ń wò: ṣé orúkọ ẹni náà wà lọ́dọ̀ wa, ṣé wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ gún màlúù rẹ̀ lábẹ́rẹ́, ṣé wàrà náà ò gbóná jù, ṣé kò tíì kan, ṣé wọn ò bu omi sí i. Irú ègé ètò bẹ́ẹ̀, tí a máa ń bi ní ìbéèrè kan tí á sì gbé ìdáhùn kan wá, ni àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè ní fọ́ńṣọ̀n. Ibi tó ti ń gbé ìdáhùn kalẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì parí, ni ibi àbájáde rẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n kọ fọ́ńṣọ̀n náà. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kọ nǹkan. Bí orúkọ ẹni náà ò bá sí, sọ pé a kọ̀ ọ́, kí o jáde. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gún màlúù náà lábẹ́rẹ́, sọ pé a kọ̀ ọ́, kí o jáde. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti dára tí a sì gbà á. Ibi àbájáde mẹ́fà. Ó mọ́ lójú mi, inú mi dùn sí i.

Àǹtí kì í ka iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó kọ́ iṣẹ́ yìí, orí bébà ni wọ́n ti ń ka ètò, kò sì fi àṣà náà sílẹ̀. Ó tẹ tèmi jáde, ó mú bírò pupa, ó ń fi ìka ọwọ́ òsì tẹ̀ lé e láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Nígbà tó máa fi dá bébà náà padà fún mi, ó ti fi bírò yí ibi mẹ́fà ká.

Ó ní, "Kí ló dé tó fi ń sá jáde káàkiri báyìí?"

"Kò sá, Àǹtí. Tó bá ti mọ ìdáhùn, kí ló tún ń dúró dè?"

"Èmi ló ń dúró dè. Èmi tí mo máa kà á fẹ́ mọ ibi tí mo ti máa bá a. Ibì kan ni, ní ìsàlẹ̀. Mú èsì rẹ dání, máa gbé e bọ̀, kí o wá gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó yí bébà náà padà, ó sì kọ tirẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbéèrè wà nínú ìbéèrè, èyí tó bá sì wà nínú òmíràn á sún sí ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀. Nígbà tó dé orí ìkarùn-ún, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ ní etí bébà. Mo ní, "Àǹtí, kí n tó dé ìsàlẹ̀ èyí, mo ti gbàgbé ohun tí wọ́n bi mí lókè."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọpọlọ ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò gba nǹkan púpọ̀, ko?"

Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta la fi fà á. Tí a bá ra wáàkè, ìrẹsì tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀wà, lọ́sàn-án, a ó jókòó sábẹ́ igi dọ́góyárò tó wà lẹ́yìn ilé, a ó máa jẹ, a ó máa bá a lọ. Mo ní kí ẹni tó bá kà á má ru ẹrù tí kò pọn dandan. Òun ní ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan kún un lọ́la yẹ kó rí ibì kan fi í sí. Ọ̀gá wa, tí kò mọ nǹkan kan nípa ètò kọ̀ǹpútà, bá wa níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó dúró díẹ̀, ó ní kí a jọ̀ọ́ má jà. Àǹtí bù kún wáàkè rẹ̀, ó ní, "A ò jà. Ọmọ yìí ni kò gbọ́n." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín lójú débi pé mo gbà á bí ìyìn.

Nígbà tó yá, ó ní, "To. Jẹ́ ká lo tìrẹ." Bí a ṣe lo tèmi nìyẹn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Àǹtí gba ìsinmi, ó lọ sí Ìlọrin. Kò tíì lọ ju ọjọ́ méjì lọ tí ọ̀gá wa fi wá bá mi. Ó ní òun fẹ́ kí ètò náà máa kọ gbogbo wàrà tó bá dé sílẹ̀, èyí tí a gbà àti èyí tí a kọ̀, pẹ̀lú ìdí tí a fi kọ̀ ọ́, kí dókítà ẹran lè máa wò ó, kó mọ agbo tó yẹ kó bẹ̀ wò. Iṣẹ́ kékeré ni. Mo ṣí fọ́ńṣọ̀n náà, mo lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo kọ ìlà kan síbẹ̀ tó ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, mo dán an wò pẹ̀lú wàrà tó dára, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ sílé.

Kò wá sí mi lọ́kàn pé wàrà tí a bá kọ̀ kì í dé ìsàlẹ̀ rárá. Ó ti jáde lókè.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àgbàlagbà obìnrin Fúlàní kan wọ ọ́fíìsì wa. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wé ìborùn dúdú, kẹ́ẹ̀gì wàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Hausa ló fi kí mi. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ara mi, ó béèrè ilé, kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní ọjọ́ kẹsàn-án nìyí tí wọ́n ti ń dá wàrà òun padà lẹ́nu géètì. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lónìí kọ́ ló wà níbẹ̀ lánàá, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún òun ohun tó ṣe wàrà náà. Wọ́n ní kí òun lọ béèrè ní ọ́fíìsì, nítorí ọ́fíìsì mọ gbogbo nǹkan.

Mo wá orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn tó wà níbẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n gba wàrà rẹ̀ gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Mo sọ fún un pé ohun tí mo rí ni pé kò wá mọ́.

Ó wò mí. "Ina zuwa kullum," ó ní. Ojoojúmọ́ ni mò ń wá. Kò pariwo. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ẹni tó ń fi í dá ara rẹ̀ lójú.

Mo fún un lómi, mo ní kó jókòó sórí àga Àǹtí. Mo ṣí fọ́ńṣọ̀n náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tẹ̀ lé e lójú kọ̀ǹpútà bí mo ṣe máa ń rí Àǹtí tó ń ṣe é lórí bébà. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ìtìjú tó mú mi lọ́jọ́ náà, ó ṣòro fún mi láti sọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, mo sọ fún un pé ẹ̀bi mi ni, pé ibi tó yẹ kí n kọ orúkọ rẹ̀ sí lójoojúmọ́, mi ò kọ ọ́ síbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó yé e. Ó ní kí n dìde, ó ní Ọlọ́run á tún un ṣe.

Dókítà ẹran bá a lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Àìsàn ọmú ló ṣe ọ̀kan nínú màlúù méjì tó ń fún. Dókítà ní kò ní í kú, ṣùgbọ́n ká ní òun tètè mọ̀ ni, ọmú kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì bá tí gbẹ. Ó gbẹ. Obìnrin náà ń fi ọwọ́ pa màlúù náà lẹ́yìn bó ṣe ń gbọ́ ọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí.

Nígbà tí Àǹtí dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò tíì gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ti múra sílẹ̀ fún ohun tó máa sọ. Ó tẹ fọ́ńṣọ̀n náà jáde, ó kà á, ó gbé bébà náà sórí itan. Mo ní, "Àǹtí, ẹ sọ ọ́. Ẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀."

"Mi ò ní nǹkan kan láti sọ," ó ní. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi. "Jókòó, kí n sọ nǹkan fún ọ."

Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, ní ilé-ìwé kan tó jìnnà sí Zaria, òun kọ ètò tó ń yan àwọn tó yege ìdánwò àbáwọlé. Ibi àbájáde kan ṣoṣo ló ní, bí wọ́n ṣe kọ́ òun. Lókè, òun kọ ọ́ pé èsì náà ni pé ẹni náà yege, kí àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ wá yí i padà tó bá yẹ. Ọ̀kan nínú wọn wà tí òun gbàgbé láti jẹ́ kó yí i padà.

"Ọmọbìnrin kan gba lẹ́tà," Àǹtí ní. "Wọ́n ti ra àpótí fún un. Wọ́n ti gbàdúrà fún un ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Kí a tó wá pè é pé àṣìṣe ni. Èmi ni wọ́n ní kí n wà nínú yàrá náà nígbà tí wọ́n máa sọ fún un."

"Kí ló ṣe?"

"Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sínú báàgì rẹ̀." Àǹtí ń wo ojú fèrèsé. "Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ibì kan ni mo ti jáde, o rí i. Kò gbà mí là."

Lẹ́yìn náà ló mú bírò, a sì jọ tún un kọ, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. A pín in sí méjì. Èyí tó kéré, tó wà lókè, ló ń béèrè ìbéèrè márààrún, ó lè jáde níbikíbi tó bá ti mọ ìdáhùn. Èyí tó tóbi, tó wà nísàlẹ̀, á pe kékeré náà, á gba ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀ ohun yòówù kó jẹ́, á wá jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, "Èyí òkè jẹ́ tìrẹ. Èyí ìsàlẹ̀ jẹ́ tèmi." Bí a ṣe ń kọ gbogbo nǹkan lẹ́yìn ìgbà náà nìyẹn.

Tí mo bá ní kí n rántí ìgbà tí iṣẹ́ dùn mọ́ mi jù láyé mi, ọdún méjì tó tẹ̀ lé e ni. Kò sí ohun ńlá kankan tí a ṣe. A kàn ń wá láràárọ̀, a ń kọ, a ń ka ti ara wa. Àárọ̀ ọyẹ́, tí eruku ti bo gbogbo nǹkan, tí ètè ń là, Àǹtí á wé ṣáálì, á di kọ́ọ̀pù tíì mú, á máa fi ọwọ́ kan ka bébà. Mo mọ̀ tó bá ti dé ibi tí kò fẹ́ràn, nítorí ìka rẹ̀ á dúró. N ó fẹ̀yìn ti àga, n ó máa retí ìbéèrè.

Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ ọ́ lẹ́nu. A bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bébà náà jáde pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, lẹ́yìn náà pẹ̀lú lẹ́tà tó tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí fọ́ńṣọ̀n kékeré kan fi ń gba bébà mẹ́rin. Nígbà tó yá, ó ti bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Máa kà á sí mi létí."

Mo ń kà á. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè ka ètò kọ̀ǹpútà sókè bí ẹni ń ka lẹ́tà tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó máa di ojú, á gbé ọwọ́ lé orí tábìlì, á máa gbé gbogbo rẹ̀ dání lọ́kàn. Lọ́jọ́ kan mo ń ka ọ̀kan tí mo fi ìlànà tirẹ̀ kọ, ìbéèrè nínú ìbéèrè, èsì kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀. Mo ti ń fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mo ń wò ó bí ohun tó balẹ̀. Kí n tó dé ìdajì, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró. Mélòó ni mo gbé dání báyìí?"

"Mẹ́rin, Àǹtí."

"Ó ti pọ̀ jù. Tún un kọ bí o ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ti parí, jẹ́ kó máa lọ, kí n lè gbàgbé rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo ní ojú nígbà náà," ó ní.

Mo tún un kọ. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mò ń sunkún. Mo rò pé ó mọ̀, torí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn kan tó pani lẹ́rìn-ín nípa aládùúgbò rẹ̀ kan ní GRA, níbi tó ń gbé nígbà náà, àti tòlótòló ẹni náà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá mú un lọ sí Ìlọrin lópin ọdún náà. Ilé-iṣẹ́ ò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn agbo ń gbà ò dára mọ́, àwọn tó ń gbé wàrà wá ń dín kù, wọ́n sì tì í pa. Mo rí iṣẹ́ mìíràn, èyí tí mò ń ṣe láti inú yàrá mi ní Tukur-Tukur fún àwọn tí mi ò rí rí. Iṣẹ́ náà dára. Ẹ̀rọ ló ń yẹ ohun tí mo bá kọ wò. Tí ibi àbájáde bá pọ̀ jù, á fi àmì pupa kan sí i, mo lè tẹ bọ́tìnnì kan kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á fi àmì hàn pé ó dára. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n kà á. Ní ìgbà mìíràn mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ nǹkan tí Àǹtí kò ní gbà, kí n wò ó bóyá ẹnìkan á bi mí léèrè. Wọ́n á ní ó dára.

Mo lọ kí i ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Mo ti ń rò ó lójú ọ̀nà pé a ó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, mo tilẹ̀ ti tẹ nǹkan jáde tí mo fẹ́ kà fún un. Ó wà ní fàráńdà nígbà tí mo dé, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́ rárá. Mo kí i, "Ẹ káàsán, Àǹtí." Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ojú mi, ó sì dá mi lóhùn ní Hausa. Mo fi Hausa dá a lóhùn. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi nínú ilé ìdáná pé gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, Yorùbá nìkan ni wọ́n gbọ́. Ó ní, "Màmá á kàn máa dá nìkan sọ Hausa. Àwọn ọmọ mi ń rò pé àdúrà ni."

Ọjọ́ méjì ni mo lò níbẹ̀. A ò mẹ́nu kan ètò kọ̀ǹpútà. Zaria ló ń bi mí. Ṣé ọyẹ́ ti dé, ṣé ó mú gan-an. Ṣé ìyá tó ń ta kósé, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí wọn ní Sabon Gari ṣì wà. Mo ní ọmọ rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ báyìí. Ó ní, "Ṣé ó ń da ata sí i bíi ti ìyá rẹ̀?" Mo ní rárá. Ó mi orí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní gbogbo èèyàn ń bá òun yọ̀ pé òun ti padà sílé. Mo rọra ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn ọwọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá bí a ṣe ń sọ èdè tí wọn ò gbọ́, tí a sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n tètè padà wá. Mo ní n ó wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ báyìí ní Zaria, àgbàdo ti ga ní ẹ̀yìn ilé wa. Mi ò tíì lọ.